Imú Ọkọ̀ àti Eruku Ọ̀nà: Yíyan Ọ̀nà Ìmí fún Píkọ́ọ̀pù ní Àríwá Èkìtì

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun afẹ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Òun ni ó ń kó iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó àti obì bọ̀ láti oko. Òun náà ni ó ń gbé símẹ́ǹtì, páànù àti ajílẹ̀ padà lọ sí abúlé. Títì ọlọ́dà ni ó ti Ìfàkì gba Ọ̀yẹ́ kọjá sí Ìkọ̀lé àti Òmùò, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti yà kúrò lórí rẹ̀ láti wọ ọ̀nà oko, ilẹ̀ pupa ni yóò bá pàdé. Ní àsìkò òjò, ẹrẹ̀ ni. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni. Bí ọkọ̀ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ti ẹ̀yìn kì í rí ohun kan bí kò ṣe ìkùukùu pupa tí ti iwájú gbé sókè. Inú ìkùukùu yìí gan-an ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí.

Ohun tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìmí tuntun tí àwọn onípíkọ́ọ̀pù ń rà láti fi rọ́pò èyí tí ó bá ọkọ̀ wọn wá. Àwọn tí ń tà á máa ń sọ pé ọkọ̀ yóò lágbára sí i, pé kò sì ní jẹ epo púpọ̀ mọ́. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó lítà bẹntiróòlù kan sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìlérí pé epo yóò dínkù ti di ìlérí tí gbogbo etí ń fẹ́ gbọ́. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ìlérí náà? Bí ó bá sì di dandan kí a pààrọ̀ ọ̀nà ìmí ọkọ̀, èwo ni ó yẹ ilẹ̀ yìí, báwo ni a sì ṣe ń dè é?

Orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún nǹkan ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, fílítà, ni a ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì fún asẹ́ ọ́ìlì, asẹ́ bẹntiróòlù àti asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí a bá òun pààrọ̀ fílítà, tí kò sì sọ èwo, lè san owó fún ọ̀kan kí òmíràn sì wà níbẹ̀ láìyí padà. Nínú ìjíròrò yìí, imú ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé láti ìta. Àpótí ni ilé tí asẹ́ wà nínú rẹ̀. Asẹ́ ni ohun tí ń mú eruku. Ọ̀fun ni páìpù tí ó ti ẹ̀yìn asẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Imú, àpótí, asẹ́ àti ọ̀fun ni a pa pọ̀ tí a pè ní ọ̀nà ìmí.

Bí èémí ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ tó

Ènìyàn a máa rò pé epo nìkan ni ọkọ̀ ń jẹ. Ní tòótọ́, afẹ́fẹ́ tí ó ń jẹ pọ̀ ju epo lọ fíìfíì. Bí kílógíráàmù bẹntiróòlù 1 yóò bá jó tán dáadáa, nǹkan bí kílógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 ni yóò bá a jó. Bí a bá ṣe ìṣirò náà, lítà bẹntiróòlù kan gba nǹkan bí lítà afẹ́fẹ́ 9,000. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àgbá epo onílítà 200: àgbá 45 tí ó kún fún afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń fà sínú fún lítà epo kan péré. Ẹ́ńjìnnì onílítà 2.7, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota Hilux tí ń lo bẹntiróòlù, lè fa nǹkan bí lítà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ó bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú náà tí awakọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá láti fi ẹrù gun òkè. Ilẹ̀ olókè sì ni Èkìtì. Kò sí awakọ̀ tí kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí eruku tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà bá tilẹ̀ kéré, bí a bá ti fi àgbá 45 sọ ọ́ di púpọ̀ fún lítà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun kékeré mọ́.

Irú eruku tí a ní

Oríṣi eruku méjì ni ó ń bá ọkọ̀ jà ní agbègbè yìí. Èkíní ni ti ilẹ̀ pupa, èyí tí táyà ń gbé sókè. Èkejì ni ti ọyẹ́, tí ó máa ń fẹ́ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Ọ̀nà jíjìn ni ti ọyẹ́ ti ń bọ̀: apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Èyí tí ó wúwo nínú rẹ̀ ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà; èyí tí ó kúnná jù lọ ni ó ń dé Èkìtì.

Ohun tí ó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nínú eruku ni kúọ́tsì, èyí tí í ṣe egungun iyanrìn. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí àwọn onímọ̀ òkúta fi ń wọn líle láti 1 dé 10, kúọ́tsì jẹ́ 7, nígbà tí irin ọ̀bẹ lásán jẹ́ nǹkan bí 5.5. Ohun tí ó bá le ju òmíràn ni ó ń ha òmíràn. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí míkírónì 70, ìyẹn ni pé bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, irun náà gba 70 nínú rẹ̀. Eruku tí kò ju míkírónì 5 sí 20 lọ, tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ó bá àlàfo tí ó wà láàárín ríìngì písítìnnì àti ògiri sìlíńdà mu. Níbẹ̀ ni yóò ti máa lọ irin bí ẹni ń fi iyanrìn fọ ìkòkò.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ìbàjẹ́ náà ń hàn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ máa jẹ ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà, èéfín aláwọ̀ búlúù yóò máa jáde nídìí rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, òkè tí ó ń gùn tẹ́lẹ̀ yóò di ohun tí ó ń bẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí ó ní tọ́bò, abẹ́ tọ́bò tí ń yí ní ìgbà ẹgbẹẹgbàárùn-ún lọ́nà púpọ̀ ní ìṣẹ́jú kan ni eruku yóò kọ́kọ́ jẹ. Nígbà náà ni ẹni tí ó fẹ́ dín owó epo kù yóò máa wá owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kiri.

Oríṣi ọ̀nà ìmí

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fún ilẹ̀ eléruku mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Land Rover àtijọ́, Volkswagen ìjàpá àti katakata Massey Ferguson 135 ní abọ́ ọ́ìlì nínú ọ̀nà ìmí wọn. Afẹ́fẹ́ yóò já wọlé, yóò ṣẹ́rí padà lójijì lórí ọ́ìlì, eruku tí kò lè yára ṣẹ́rí yóò sì rì sínú abọ́. A kò nílò láti ra asẹ́ tuntun. A kàn ń da ọ́ìlì dídọ̀tí nù, a sì ń bu tuntun sí i. Ṣùgbọ́n eruku tí ó kúnná gan-an ń kọjá lára rẹ̀, nítorí náà ni asẹ́ bébà ṣe gba ipò rẹ̀.

Asẹ́ bébà ni ó wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù òde òní. A ká a ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀. Èyí tí ó dára ń mú ju 99 lọ nínú ìwọ̀n eruku 100 tí a bá rọ́ sí i.

Èyí tí ó wà lójú ọpọ́n nísinsìnyí ni asẹ́ gbangba: asẹ́ òwú tí a fi òróró pa, tí ó rí bí orí ṣóńṣó, tí a fi sí ẹnu páìpù dídán láìsí àpótí kankan. Ẹ̀kẹrin ni imú gíga tí a ń pè ní snorkel, èyí tí ó gba ara ọkọ̀ lọ sókè tí ẹnu rẹ̀ sì wà ní ìbámu pẹ̀lú òrùlé. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì yìí: asẹ́ gbangba mú àpótí kúrò, imú gíga fi àpótí àti asẹ́ bébà sílẹ̀, ibi tí a ti ń fa afẹ́fẹ́ nìkan ni ó yí padà.

Àwíjàre àti èsì

Àwọn tí ó fara mọ́ asẹ́ gbangba ní ohun mẹ́ta láti sọ: ó ń dín epo kù, ó ń fi agbára kún un, a sì lè fọ̀ ọ́ kí a tún un lò.

Ní ti epo, ní 2009 ni àwọn olùwádìí Oak Ridge National Laboratory ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò lórí àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń pín epo fún. Wọ́n rí i pé asẹ́ tí ó ti dí pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ yí iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ padà. Bí ó ṣe ń sáré ni ó dínkù. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó wọlé, ó sì ń bu epo tí ó bá a mu. Bí asẹ́ dídí kò bá mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ epo sí i, kò sí bí asẹ́ gbangba yóò ṣe wá dín in kù. Ti ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, bíi Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù àtijọ́, yàtọ̀ díẹ̀: asẹ́ dídí ń mú kí epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n asẹ́ bébà tuntun ni oògùn èyí, kì í ṣe páìpù dídán.

Ní ti agbára, afẹ́fẹ́ tútù ni ẹ́ńjìnnì fẹ́, nítorí pé ó ki ju gbígbóná lọ. Bí ìta bá wà ní 30°C, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbóná dé 60°C, afẹ́fẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò fúyẹ́ tó ìdá 9 nínú 100. Asẹ́ gbangba tí a kò fi ògiri pààlà sí láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ni ó ń fà, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ ń fi ẹrù ra gorí òkè. Ariwo tí awakọ̀ ń gbọ́ ni ó ń pè ní agbára. Àpótí tí ó bá ọkọ̀ wá wà fún pípa ariwo mọ́ pẹ̀lú. Bí a bá yọ ọ́, ìró fífà afẹ́fẹ́ yóò jáde. Àgbá òfìfo ní í dún woroworo.

Ní ti fífọ̀, òótọ́ ni pé asẹ́ òwú ṣe é fọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ tirẹ̀ fọ̀ ọ́, kí a sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ kanrin, kí a sì fi òróró tirẹ̀ pa á ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí òróró bá kéré, eruku yóò kọjá. Bí ó bá pọ̀, yóò ta sára sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣì í wọ̀n. Ẹni tí kò bá lè rí òróró náà rà ní ìtòsí kò yẹ kí ó ra asẹ́ tí ń lò ó.

Ẹnìkan lè sọ pé bí asẹ́ kan bá ń mú 97 nínú 100, èkejì sì ń mú 99, méjèèjì kò jìnnà síra. Ìṣirò tí ó ṣìnà ni. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ kì í ṣe èyí tí asẹ́ mú bí kò ṣe èyí tí ó jẹ́ kí ó kọjá: 3 àti 1. Ìlọ́po mẹ́ta ni.

Ohun tí a ó wò kí a tó yàn

Kì í ṣe pé kò sí ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ ọ̀nà ìmí. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni àpótí rẹ̀ ti là, tí kílíìpù rẹ̀ ti ṣẹ́, tí a fi okùn wáyà dì í. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀nà ìmí lónìí kí ó tó di ọ̀la.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wá ni àpótí irú ọkọ̀ náà gan-an, tí kò là, pẹ̀lú asẹ́ bébà tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà oko ni ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́, imú gíga ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé eruku kì í pọ̀ lókè tó bí ó ti pọ̀ nítòsí táyà. Ó tún wúlò ní àsìkò òjò. Omi kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu, ọ̀pá písítìnnì lè tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, imú gíga kò sọ píkọ́ọ̀pù di ọkọ̀ ojú omi: wáyà iná àti gíà kò kúrò nílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ asẹ́ gbangba ni a ti rà, kí a wo ohun mẹ́rin. Ṣé ó ní ògiri tí ó yà á kúrò lára ooru ẹ́ńjìnnì? Ṣé ìbú páìpù níbi tí sẹ́ńsọ̀ yóò wà bá ti àtijọ́ mu gẹ́lẹ́? Ṣé ó ga kúrò nílẹ̀? Ṣé àkọlé ara rẹ̀ sọ iye eruku tí ó ń mú nínú ìdánwò ISO 5011, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń dán asẹ́ afẹ́fẹ́ ọkọ̀ wò? Èyí tí ó ń ké pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń wọlé, tí kò sọ iye eruku tí ó mú, ti fi ohun tí ó ṣe pàtàkì pamọ́.

Bí a ṣe ń dè é

Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a sì yọ wáyà kúrò lórí nẹ́gétíìfù bátìrì. Kí a nu gbogbo eruku orí àpótí àtijọ́ kí a tó ṣí i, kí ó má baà já sínú. Bí a bá ti yọ ọ̀fun, kí a fi aṣọ mímọ́ tí ó tóbi dí ẹnu ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aṣọ kékeré ni a ń gbàgbé síbẹ̀. Kí a yọ sẹ́ńsọ̀ láìfi ọwọ́ kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀, kí a sì dá a padà kí ọfà ara rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú òrùka rọ́bà rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì máa ń mì, ara ọkọ̀ kì í bá a mì. Nítorí náà họ́ọ̀sì rọ́bà gbọ́dọ̀ wà láàárín páìpù líle àti ẹ́ńjìnnì. Kí họ́ọ̀sì gun orí páìpù tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kí kílíìpù sì dì í mú láìgé e. Kí páìpù jìnnà sí fáànù, sí bẹ́líìtì àti sí ọ̀nà èéfín. Páìpù kékeré kan wà tí ó ti orí ẹ́ńjìnnì wá, tí ń gbé èéfín ọ́ìlì padà sínú ọ̀fun: bí a bá gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí, ihò tí kò ní asẹ́ ni a ti dá sínú ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ imú gíga, kí a fi bébà gé àwòṣe ihò náà kí a tó fi irin gé ara ọkọ̀, kí a kun ojú ibi tí a gé kí ó má dípẹtà, kí a sì dí gbogbo oríkèé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò pákó. Kí a tan ọkọ̀, kí ó máa rọra yí lójú kan, kí a wá fi pákó pẹlẹbẹ bo ẹnu imú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tàbí aṣọ bò ó. Bí gbogbo oríkèé bá dí, ẹ́ńjìnnì yóò kú láìpẹ́. Bí ó bá ń yí lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ibòmíràn ni ó ti ń mí, ibẹ̀ ni eruku yóò sì gbà wọlé.

Ìtọ́jú

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà oko, kí a tú họ́ọ̀sì, kí a sì fi aṣọ funfun nu inú ọ̀fun lẹ́yìn asẹ́. Bí aṣọ bá jáde ní funfun, iṣẹ́ dára. Bí ó bá ní ipa pupa, kò sí àwíjàre tí ó lè dá ọ̀nà ìmí náà láre.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀: gbígbé asẹ́ bébà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Agbára afẹ́fẹ́ náà ń lu bébà ní ihò tí ojú kò lè rí. Asẹ́ tí ó ti dọ̀tí níwọ̀nba tilẹ̀ ń mú eruku kúnnákúnná ju tuntun lọ, nítorí pé eruku tí ó ti mú ń bá a sẹ́ èyí tí ń bọ̀. Kí a lò ó títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀nà eléruku, àkókò náà kò ní pẹ́ tó èyí tí ìwé ọkọ̀ kọ fún títì ọlọ́dà.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ye akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò láti gbé ọkọ̀ wá sí kíláàsì. Obìnrin tí ń sẹ́ ògì mọ̀ pé bí aṣọ asẹ́ ti kúnná tó kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí kò bá so etí aṣọ náà mọ́ ẹnu ìkòkò dáadáa, èérí yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo ògì ìkòkò náà yóò sì rí ṣákaṣàka. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkọ̀. Kì í ṣe dídán páìpù, kì í ṣe ariwo, kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é ni a fi ń mọ ọ̀nà ìmí tí ó dára ní àríwá Èkìtì. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó dé inú ẹ́ńjìnnì gba inú asẹ́ kọjá, kò sì sí èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.